Bàbá Wọ̀ntúnwọ̀n Onígíláàsì, àti Bí Apá Ọ̀tún Wọn Ṣe Ga Tó

A bí bàbá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Wọ̀ntúnwọ̀n, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 1955, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ló ń ti ọ̀nà tó sì ń ṣí i nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ kọjá. Ìyá wọn ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Àwọn kan máa ń wá ọba mọ́ ìdílé nínú irú ìwé báyìí. Kò sí ọba níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ló bí òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà tún bí òṣìṣẹ́, Bàbá kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù lónìí ni àbúrò wọn tó kéré jù, kápẹ́ńtà tí a ń pè ní Ìṣó.

Ọdún 1961 ni wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀, wọ́n sì ṣe ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí àìsàn tó dá bàbá wọn wó, tí ẹnu àwọn tó fẹ́ jẹun sì pọ̀ ju ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Wọ́n kúrò nílé ìwé. Ìṣirò nìkan ni wọ́n mọ̀ dáadáa. Tí ẹ bá ní kí wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n á kọ ìlà mẹ́ta, wọ́n á ní ó tó.

Ní ọdún 1971 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ gíláàsì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní òfin méjì péré. Òfin àkọ́kọ́: fèrèsé kan kì í gún, bó ti wù kí kápẹ́ńtà tó ṣe é búra tó. Nítorí náà, wọ́n á wọn òkè rẹ̀, wọ́n á wọn àárín, wọ́n á wọn ìsàlẹ̀, wọ́n á tún padà wọ̀n ọ́n kí ọ̀bẹ tó kan gíláàsì. Ibẹ̀ ni orúkọ Wọ̀ntúnwọ̀n ti wá. Òfin kejì jẹ́ ti gbígbé. Gíláàsì ńlá, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Ẹni tó bá ti di ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ mú dáadáa á sọ pé, “Mo ti mú u.” Kí ẹnì kejì tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò gbọdọ̀ tú ìka kankan sílẹ̀. Tó bá sì ti gbọ́ ọ, kò tún ní wò ó, kò tún ní béèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. Fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, Bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí kó má rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé ìyàwó wọn, màmá wa, ní ọdún 1983. Aránṣọ ni Màmá, kọ́tìnì nìkan ni wọ́n sì ń rán. Ìṣó ló máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ẹ wo tọkọtaya yìí. Ọkọ ń fi gíláàsì jẹ́ kí ará ìta rí inú ilé, ìyàwó ń fi kọ́tìnì bò ó. Àwọn méjèèjì ń jẹun lórí fèrèsé kan náà!” Yàrá iwájú ilé wọn ni ibi iṣẹ́: àgbékọ́ gíláàsì lápá òsì, ẹ̀rọ ìránṣọ lápá ọ̀tún, tábìlì gígùn láàárín. A dàgbà sínú yàrá náà. Bàtà ni a kọ́kọ́ mọ̀ kí a tó mọ ohun ìṣeré, nítorí àfọ́kù gíláàsì kò mọ ọmọ onílé.

A kò ní sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá. Wọ́n máa ń bínú. Oníbàárà tó bá ní kí wọ́n yára, wọ́n á gbé iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n kì í yin ọmọ. Tí a bá mú ìwé àṣeyọrí wálé, wọ́n á kà á, wọ́n á wá béèrè pé, “Ta ló ṣe ipò kìn-ín-ní?” Àmọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn á wá ní aago mẹ́jọ, ẹ lè fi ẹsẹ̀ wọn tún aago yín ṣe.

Ní ti ìgbàgbọ́, ìjọ ẹ̀gbẹ́ títì wa ni wọ́n ń lọ. Àga ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn, lábẹ́ fèrèsé tí àwọn fúnra wọn wọ gíláàsì sí. Wọn kò gbàdúrà sókè rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n jẹ àgbà ìjọ ní ọdún 2009, wọ́n ní àwọn á máa bá ìjọ tún fèrèsé ṣe, kí ìjọ dárí oyè jì wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni àkàbà yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní ilé ìtọ́jú eyín kan. Fèrèsé òkè ni wọ́n ń wọ gíláàsì sí, ẹnì kan sì ti fi omi nu ilẹ̀ tí àkàbà dúró lé. Orí ni wọ́n fi balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn dókítà ṣí agbárí wọn láti jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ọpọlọ jáde. Nígbà tí ojú wọn là, wọ́n mọ̀ wá, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bínú, a sì dúpẹ́ fún ìbínú náà. Ṣùgbọ́n apá òsì ọpọlọ ló fara pa, apá ọ̀tún ara ló sì jìyà rẹ̀. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Apá ọ̀tún dùbúlẹ̀ lórí itan wọn bí nǹkan tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

Ẹni tó bá fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ mọ ohun tí èyí jẹ́. Bàbá kì í ṣe ẹni tó lè jókòó kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo dókítà tó bá kọjá: “Ṣé màá tún gbé gíláàsì?” Ẹni tó bá ní ó ṣeé ṣe, wọ́n á bi í pé, “Ó ṣeé ṣe báwo?” Dókítà náà á wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, wọ́n rán wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin físíò kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tó ń fi ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ. Bàbá wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Tíṣà. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ní nǹkan púpọ̀: àga mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan, àti awò ńlá dúdú kan tó dà bí èyí tí àwọn tó ń jó irin ń wọ̀. Wọ́n á fi bẹ́líìtì rẹ̀ dè é mọ́ orí ènìyàn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní rí yàrá tó wà mọ́. Yàrá mìíràn ni yóò rí, èyí tí kọ̀ǹpútà yà fún un: tábìlì kan, ife aláwọ̀ búlúù mẹ́fà, pẹpẹ mẹ́ta lára ògiri. Ọwọ́ kan á wà níbẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ọwọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé ife láti orí tábìlì sórí pẹpẹ, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ náà, wọ́n ní, “Ọwọ́ ta nìyí?”

Físíò ní, “Tiyín ni, Bàbá.”

“Irọ́ ni. Gíláàsì kò gé eléyìí rí. Ọwọ́ akọ̀wé báńkì lo gbé fún mi.”

“Ẹ ṣì fi ṣiṣẹ́ ná, Bàbá. Ife ibẹ̀ kì í fọ́.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni físíò ṣàlàyé pé ẹ̀rọ yìí ń ran apá lọ́wọ́. Tí apá bá sún ní ìwọ̀n ìka kan, ọwọ́ inú awò á sún ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ó ní ọpọlọ tó fara pa ti gbàgbé pé apá ń gbọ́ràn, ó sì yẹ kó rí i kó tó lè máa rán an níṣẹ́. Ó sọ ọ́, a jẹ́rìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí Bàbá nígbà yẹn dà bí ajere: bí ẹ ṣe ń da omi sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń jò. Àkọ́bí wọn obìnrin ló sìn wọ́n lọ. Òun gbọ́ ọ, ó sì yé e.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ife méjì dé pẹpẹ ìsàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, pẹpẹ àárín kún. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní kùtùkùtù ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ti wọ bàtà tán kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó sórí pẹpẹ òkè. Wọ́n wálé, wọ́n dúró láàárín ibi iṣẹ́, wọ́n ní, “Apá mi ti dé.”

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Ìṣó jó yí tábìlì ká. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n ń pe Bàbá ní akọni, wọ́n ń pe Bàbá ní àpáta. Ọ̀rọ̀ dídùn kún yàrá náà títí ibi tí a fẹ́ fi ẹsẹ̀ sí kò fi sí. Kò sí ẹni tó sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá náà sókè níhìn-ín ká rí i.” Àkọ́bí wọn mọ ohun tí físíò sọ, ó wo ojú Bàbá, kò sì la ẹnu. Ó rò pé ayọ̀ kì í pa ènìyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, oníbàtà kan fẹ́ gíláàsì fún iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gíláàsì náà ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìṣó ló yẹ kó wá bá wọn gbé e láti orí àgbékọ́ sórí tábìlì, àmọ́ ó pẹ́. Bàbá ní kí Màmá wá di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Màmá mọ òfin. Wọ́n gbé e kúrò lórí àgbékọ́, Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi sí abẹ́ ife búlúù, wọ́n sì ní, “Mo ti mú u.”

Màmá gbọ́. Màmá tú ọwọ́ kan sílẹ̀ láti sún àpótí ìjókòó kúrò lọ́nà.

Ife inú awò kò ní ìwúwo. Gíláàsì ní in. Ó já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ Bàbá, ó sì fọ́ sórí ẹsẹ̀ òsì Màmá. Wọ́n rán an ní ojú mọ́kànlá. Iṣan ìka ńlá já, kò sì padà sípò tán títí di òní. Ohun tí Màmá sọ nílẹ̀ tí wọ́n jókòó sí kò ju ẹyọ kan lọ. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, “Bàbá wọn, ẹ sọ pé ẹ ti mú u.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n kó ọ̀bẹ gíláàsì àti rúlà sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì ní kí Ìṣó wá gbé gíláàsì tó kù lọ. Kì í ṣe ti apá ló dùn wọ́n jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sọ tó ń rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sí ìyàwó wọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kò purọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Màmá kò gbà. Wọ́n ní àfi kí wọ́n padà lọ bá físíò. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá, àkọ́bí wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìṣó tó ń wakọ̀ wo dígí ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n gbé apá kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kan. Ká so yín pọ̀, odidi ènìyàn kan á ṣì yọ níbẹ̀.” Ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín ni Màmá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Wọn kò jókòó nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún. Wọ́n ní, “Tíṣà, o fi irọ́ hàn mí.”

Físíò wo ẹsẹ̀ Màmá. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Bàbá, mo sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ̀rọ ń ràn yín lọ́wọ́.”

“O kò sọ fún mi.”

“Ó sọ ọ́, Bàbá.” Àkọ́bí wọn ni. “Ó sọ ọ́ lójú mi. Èmi ni mi ò rán yín létí. Inú yín ń dùn.”

Bàbá yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì tún yíjú sí físíò. Físíò ní, “Bàbá, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, tó di ọmọ náà mú lápá, ṣé irọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ yẹn ń pa?”

Bàbá ní, “Rárá. Àmọ́ ọmọ mọ̀ pé wọ́n di òun mú.”

Físíò ní, “Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

“Yọ ìrànlọ́wọ́ kúrò. Jẹ́ kí n rí bí ọwọ́ mi ṣe rí gan-an.”

“Kò ní dùn mọ́ yín.”

“Ìyàwó mi ń fi ọ̀pá rìn. Ta ló ń wá adùn?”

Ó yọ ọ́ kúrò. Bàbá wọ awò. A kò wọ awò náà, àmọ́ a rí ohun tí wọ́n rí lára kọ̀ǹpútà: ọwọ́ kan tó wà nísàlẹ̀ tábìlì, tó ń gbọ̀n, tí kò lè dé etí ife tó wà nítòsí jù. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Omi ń jáde lábẹ́ awò náà. Nígbà tí wọ́n bọ́ ọ, wọ́n fi ọwọ́ òsì nu ojú, wọ́n sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní rúlà.

Wọ́n ní kí físíò wọn ibi tí ọwọ́ gbéra dé láti orí itan. Ó wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kó tún un wọ̀n. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá. Wọ́n dé ilé, wọ́n fi pẹ́ńsù àwọn kápẹ́ńtà kọ ọ́ sí ara férémù ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́, pẹ̀lú déètì. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ tuntun. Físíò ṣì ń fi ìrànlọ́wọ́ sí i, nítorí ó ní ọpọlọ ṣì nílò rẹ̀, Bàbá sì gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọ awò, ó ní láti sọ ọ́ síta pé, “Ìlọ́po méjì ni tòní, Bàbá.” Bàbá á tún un sọ tẹ̀ lé e. Níparí, wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì wọn ọwọ́ lásán. Bàbá tún ní ife tí kò wúwo ń kọ́ ọwọ́ àwọn ní ìwàkuwà. Màmá gé ìyókù aṣọ kọ́tìnì, wọ́n rán àpò kékeré kan, wọ́n rọ iyanrìn sí i, físíò sì ń so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn. Ó ní òun kò rí ẹni tó béèrè fún ẹrù rí.

Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni wọ́n ṣe báyìí. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí nọ́ńbà kò kúrò lójú kan, àwọn kan wà tó lọ sẹ́yìn. Bàbá ń kọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó lọ sẹ́yìn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá ọdún 2019, físíò wọn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó sí iwájú wọn. Ó ní, “Bàbá, oṣù mẹ́ta rèé tí kò sún. Mo rò pé ibi tó máa dé nìyí.” Ọwọ́ ọ̀tún dé ọrùn. Tí àpò iyanrìn bá wà lára rẹ̀, ó dé àyà. Bàbá béèrè pé, “Ṣé o kò fi nǹkan kan bò ó?” Ó ní òun kò fi nǹkan kan bò ó. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pe ọmọdébìnrin náà ní ẹ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ké sí Ìṣó, wọ́n ní kó wá rẹ gbogbo nǹkan tó wà ní ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Tábìlì, àgbékọ́, ìkọ́ tí ọ̀bẹ ń rọ̀ sí, kò sí èyí tó gbọdọ̀ ga ju àyà wọn lọ. Ìṣó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ kí n kọ́ ilé fún àwọn aràrá?” Wọ́n ní kó máa gé igi lọ. Wọ́n wá ń gé gíláàsì férémù àwòrán, gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù, àti dígí kéékèèké. Wọ́n ń pẹ́ lórí rẹ̀. Wọn kò ba ọ̀kan jẹ́. Gíláàsì ńlá, Ìṣó àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e, Bàbá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, gíláàsì yàrá tí àwọn àti Màmá ń sùn sán. Bàbá fi páálí dí i. Oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Màmá ní kí wọ́n jọ gbé tuntun wọ̀ ọ́. Bàbá ní Ìṣó máa wá. Màmá ní, “Mi ò fẹ́ Ìṣó nínú yàrá mi. Onígíláàsì tó ń fi páálí dí fèrèsé! Ẹ fẹ́ kí n rán kọ́tìnì fún páálí?” Bàbá ní ẹsẹ̀ wọn ńkọ́. Màmá ní, “Ẹsẹ̀ mi ni. Èmi ni mo ń fi rìn.”

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé e. Màmá wọ bàtà òjò wá sídìí rẹ̀, Bàbá sì rí i. Wọ́n gbé e kúrò lórí tábìlì, wọ́n wọ inú yàrá, wọ́n dé ojú fèrèsé. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún sí abẹ́ rẹ̀. Màmá dúró de ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ní, “Má fi sílẹ̀. Mi ò tíì mú u.” Màmá dúró. Bàbá yí ọwọ́ padà. “Mi ò tíì mú u.” Apá Màmá ti ń gbọ̀n. Bàbá sún ìdí sún mọ́ ògiri, wọ́n fi ìgbáròkó ti apá ọ̀tún lẹ́yìn, wọ́n mí. “Kò tíì dára. Dúró.” Màmá ní, “Mo dúró. Ta ló ní mò ń lọ síbì kan?” Nígbà tó ṣe, Bàbá ní, “Ó ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, àmọ́ má jìnnà.” Màmá kò jìnnà. Wọ́n jọ di gíláàsì náà mú títí ó fi wọ ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti tún ń bá Màmá jókòó jẹun lórí tábìlì kan náà. Fún ọdún mẹ́ta ṣáájú, orí àpótí níta ni wọ́n ń jẹun sí, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní ìdí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìlú kò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tó yẹ kí a sọ. Láti ọdún 2020 títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ físíò ní Ọjọ́bọ̀ láti jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tí ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí ìṣubú ṣe ọpọlọ wọn léṣe. Wọn kì í tù wọ́n nínú. Wọ́n á kàn sọ pé, “Nǹkan dáadáa ni awò yìí. Òun ló gbé apá mi láti itan dé ọrùn. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ wà nínú ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀. Ẹ béèrè iye tó jẹ́. Tí ẹ bá gbàgbé, ẹ tún béèrè.” Físíò sọ fún wa pé òun kò wọ awò fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé ẹni náà àti ará ilé rẹ̀ kan jọ gbọ́ nọ́ńbà náà, kí ẹni tó sìn ín wá sì tún un sọ fún òun pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Bàbá kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní ọ̀sán, lórí àga wọn. Ọkàn ló dá iṣẹ́ dúró. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni wọ́n. Wọn kò jìyà, a sì ń sọ èyí nítorí pé dókítà sọ ọ́ fún wa lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n fi ìyàwó wọn sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ọmọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àti àbíkẹ́yìn obìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ rán kọ́tìnì. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, tí èyí tó kéré jù nínú wọn kò mọ̀ wọ́n ju ọdún kan lọ, àti Ìṣó àbúrò wọn tí kò tíì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, àwọn ènìyàn á dìde, wọ́n á sọ pé Bàbá ṣẹ́gun, pé apá wọn padà sípò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Wọ́n á sọ ọ́ nítorí wọ́n fẹ́ràn wọn. Kò padà sípò. Ó dé ọrùn, kò sì kọjá ọrùn, wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ tí wọ́n kú. Ẹni tó bá fẹ́ yìn wọ́n, kó yìn wọ́n dé ibẹ̀.

Bàbá wa, ẹ máa sinmi. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára, kí Ọlọ́run gbà yín bí ẹ ṣe rí. Ó dàárọ̀ o.